Àtàǹpàkò

Èyí tó kọ́kọ́ wọ Ìsánlú, igi kan ló ní lórí,
igi dúdú kúkúrú bí ọmọ odó,
àti bọ́tìnnì pupa kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Bámitálẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e bọ̀ láti Kàdúná
nínú àpò ìrẹsì, ó fi ẹ̀wù wé e bí ọmọ tuntun.
Gbogbo ọwọ́ la fi ń dì í mú nígbà náà.
A ń tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, a ń tẹ̀ ẹ́ sósì,
bí ẹni tó ń fa iṣu tó ta gbòǹgbò mọ́ àpáta.
Àtàǹpàkò ò mọ nǹkan kan. Ó kàn jókòó sẹ́yìn ni,
bí àlejò níbi ìpàdé ẹbí.

Èkejì dé, pẹlẹbẹ bí ọṣẹ ìfọṣọ,
igun mẹ́rin, ó ń gún wa látẹ́lẹwọ́.
Wọ́n ti fa igi tu. Àgbélébùú kékeré ló wà níbẹ̀.
Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni?"
Bámitálẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni,
wọ́n sì jẹ́ ká tan jẹnẹrétọ̀ títí aago mẹ́wàá.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe àtàǹpàkò síṣẹ́.

Ẹ̀kẹta na apá méjì síwájú
bí ọmọdé tó fẹ́ ká gbé òun.
Lóru ọjọ́ kan tí a ò mọ̀, olú méjì hù lórí rẹ̀,
àtàǹpàkò méjèèjì bá di ọba, kálukú lórí olú tirẹ̀.
Wọ́n ní ìka ò dọ́gba. Mo ti fojú rí i:
ìka ìtọ́ka ń ṣọ́ ẹ̀yìn bí ọdẹ alẹ́,
mẹ́ta tó kù kàn ń rẹrù bí aláàárù.
Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.
Màmá ń bá wa gbé e dání, bọ́ọ̀lù lu òpó, ó gbọ̀n,
wọ́n jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì: "Ibà ń ṣe é!"
Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gé ìwọ́ rẹ̀.
Kò sí wáyà mọ́. À ń wá a lábẹ́ ìrọ̀rí.

Oṣù kẹta, ìgbà kajú, ni ṣọ́ọ̀bù wa máa ń kún.
Ife kajú kan, ìdíje méjì.
Omi èso ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé,
páàdì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.
Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ Jíbóyè kì í wo ọwọ́ rẹ̀ rárá;
ó ń na àwọn gende, ó ń jẹ ẹ̀pà.
Lálẹ́, èmi á tú wọn palẹ̀:
èèpo ẹ̀pà, irun, eruku ọyẹ́,
oje kajú tó ti dúdú bí ọ̀dà.
Àmì orí bọ́tìnnì ti pa rẹ́,
wọ́n ń dán bí òkúta ìsàlẹ̀ odò.
Mo mọ èwo ni èwo. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀.
Ẹ̀rọ wo àtàǹpàkò Màmá, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.
Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń pa kajú,
epo èèpo rẹ̀ ti jó gbogbo ìlà.
"Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, Mama." Wọ́n fọ̀ ọ́. Kò mọ̀ ọ́n.
Ó kàn mí. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ tèmi náà.
Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn:
"Tèmi, kajú ló jẹ ẹ́. Kí ló jẹ tìrẹ?"

Mi ò dáhùn. Nígbà tí a délé, mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo fa páàdì Bámitálẹ́ jáde, èyí tó fi sílẹ̀
lálẹ́ tó wọ bọ́ọ̀sì Kábà, tí a ò tíì gbúròó rẹ̀.
Rọ́bà orí olú apá òsì ti jẹ, ó ti jin kòtò.
Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e.
Mo tún un gbé.
Àyè ṣì kù.